Ìyẹ̀fun Pákó

Ààrò mẹ́ta kì í dọbẹ̀ nù.
Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ ò dé ẹ̀yìnkùlé wa l'Òkèèṣà,
níbi tí ìkòkò ti jókòó lórí irọ́ mẹ́ta
fún odidi ọdún méjì ó lé oṣù kan,
tí omi ẹ̀fọ́ ò ta sílẹ̀.

Bàbá mi ló gbé àkọ́kọ́ kalẹ̀.
Iléeṣẹ́ ọtí ní kí ó máa lọ sílé, òun àti igba ènìyàn,
Ọjọ́bọ̀ kan báyìí, òjò ń ṣú.
Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.
Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó wọ yunifọ́ọ̀mù aláwọ̀ búlúù,
ó gbé fúláàsì, ó ní, "Ó dàbọ̀ o, mi ò fẹ́ pẹ́ dé ẹnu iṣẹ́,"
ó sì gba ọ̀nà Ìmọ̀ lọ, níbi tí wọ́n ti ń la igi.

Ìyá mi gbé ìkejì kalẹ̀, kò tilẹ̀ la ẹnu.
Ẹni tó ń fọ aṣọ ọkùnrin kì í ṣe afọ́jú.
Aṣọ tó ti ń rùn bí ọkà bàbà tó kan láti ọjọ́ ìgbéyàwó
ṣàdédé ń rùn bí ìrókò, bí ọmọ̀, bí àfàrà.
Ó tú àpò ṣòkòtò síta: ìyẹ̀fun pákó.
Kò pariwo. Kò pe ẹbí jọ.
Ó wá agolo mílíìkì òfìfo kan, ó ń gbọ̀n ọ́n sí i díẹ̀díẹ̀,
òun la fi ń dáná nírọ̀lẹ́.
Wọ́n ní ilé lọmọ Ọwá ti ń múná roko;
ní tiwa, oko irọ́ ni iná ti ń wálé.

Ṣé irọ́ nìyẹn, àbí ìfẹ́?
Mo ti lé láàádọ́ta ọdún, mi ò tíì mọ̀.
Bí ìyá mi bá ní, "Iṣẹ́ ńkọ́?", bàbá á ní, "Iṣẹ́ ń lọ."
Iṣẹ́ sì ń lọ lóòótọ́.
Àárín wọn ni irọ́ sùn sí,
bí ọmọ ọwọ́ tí a tẹ́ sáàárín ìyá àti bàbá
kí ó má baà já bọ́ sílẹ̀.

Ìkẹta, èmi ni.
Píráímárì kẹrin ni mo wà, wọ́n rán mi lọ ra epo òyìnbó.
Mo ṣìnà. Rárá, mi ò ṣìnà,
mo tẹ̀lé àwọn ọmọ tó ń sáré lé lọ́rì igi.
Mo rí bàbá mi, ó ru pákó lórí òṣùká,
ojú rẹ̀ funfun bí ẹni tó ti ọ̀run bọ̀.
Ó rí mi. Ó gbé ìka kan sókè,
mo rò pé yóò gbé e sí ẹnu;
ó fi nu òógùn lójú, bí ó bá jẹ́ òógùn ni,
ó sì kọjá bí ẹni pé ọmọ ẹlòmíràn ni mí.

Mo délé. "Olúmorótì, kí ló pẹ́ tó báyìí? Ta lo rí lọ́nà?"
"Mi ò rí ẹnì kankan, mà."
Ó wò mí. Ìyẹ̀fun pákó wà nínú irun mi.
Ó fọwọ́ gbọ̀n ọ́n, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, sínú agolo.

Wọ́n ní bí irọ́ lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ ó bá a.
Ó bá a lóòótọ́. Ó bá a nídìí ààrò wa tó ń yáná,
òun náà sì fa àpótí, ó jókòó.

Lọ́jọ́ tí bàbá kú, Fágbàmígbé onígi wá láti Ìmọ̀,
ó kó pákó àfàrà wá fún pósí, kò gba kọ́bọ̀,
ó ní, "Òṣìṣẹ́ mi tó ṣe é gbọ́kàn lé ni."
Ìyá mi káwọ́ lérí: "Háà! Ìgbà wo?
Iléeṣẹ́ ọtí lọkọ mi ń lọ o!"
Gbogbo àwọn tó jókòó bá a kẹ́dùn, obìnrin tí ọkọ tàn jẹ.
Èmi nìkan ni mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀
tó rọra ń ti agolo sábẹ́ àga.