Àlàfo Ìka Méjì

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà,
mò ń bá ojúlé mẹ́rin kọ lẹ́tà ní Màsífà, l'Ógbómọ̀ṣọ́,
nítorí bírò mi kì í da yíǹkì,
ọ̀rọ̀ mi kì í sì í já bọ́ lórí ìlà.
Kọ́bọ̀ méjì ni lẹ́tà kan. Bó bá gùn, mo ń gba ẹ̀pà kún un.

Ìyá Àwẹ̀ró jókòó sórí àpótí, ó ń bó ẹ̀gẹ́.
"Bá mi kọ̀wé sí Ọyáníran ní Jọ́ọ̀sì."
Ó sọ̀rọ̀ títí oòrùn fi kúrò lára ògiri.
Èmi fi ọgbọ́n ilé ìwé gé e kúrú:
"Ara ìyá yín kò yá. Ẹ wá sílé.
Èmi ni tiyín ní tòótọ́."

"Kà á sí mi létí."
Mo kà á.
Ọ̀bẹ dúró lára ẹ̀gẹ́.
"Ta ló kú?"
Mo ní kò sẹ́ni tó kú.
"Kí ló dé tí ìwé yìí ń mí hẹlẹhẹlẹ
bí ẹni tí wọ́n rán lọ ra pósí?
Òótọ́ ni gbogbo ohun tí o kọ,
àmọ́ kì í ṣe èmi ni mo sọ ọ́.
Wo ẹ̀gẹ́ ọwọ́ mi. Bí mo bá rẹ ẹ́, láfún ni.
Bí mo bá yan án, gàrí ni.
Lọ bu gàrí fún ẹni tó ń retí ọkà láfún,
kí o ní ẹ̀gẹ́ kan náà ṣáà ni,
kí o wá wo ojú rẹ̀.
Fa ìwé mìíràn ya."

"Kọ ọ́ pé kajú tí o gbìn lọ́dún tí o jáde ìwé mẹ́fà
ti so. Àwọn ọmọ ilé Alágbẹ̀dẹ ló ń ká a.
Mi ò lé wọn.
Kọ ọ́ pé àga rẹ ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù,
eruku ló ń jókòó sí i.
Bí mo nù ún láàárọ̀, á tún ti dé nírọ̀lẹ́.
Eruku ò gbàgbé ilé."

Mo ní, "Ṣé kí n wá kọ ọ́ pé kó máa bọ̀?"
"O ò gbọdọ̀!
Ọmọ tí a bá pè á jẹ́ 'hẹn',
á sì jókòó síbẹ̀."

Ó wá ń wo ojú ọ̀nà.
Ewúrẹ́ kan kọjá. Mo gbé bírò sókè, mò ń retí.
"Ìyá, kí ni kí n kọ báyìí?"
"O ò gbọ́ pé mo dákẹ́ ni?
Fi àyè sílẹ̀. Ìka méjì.
Bó bá kàn án níbẹ̀, òun náà á dákẹ́."

Tíṣà wa ti kìlọ̀ fún wa nípa fífi ìwé ṣòfò.
Mo wọn ìka méjì, ọkàn mi ò balẹ̀.
Lábẹ́ rẹ̀ ó ní kí n kọ:
"Àtùpà ṣì ń jó dáadáa. Ó dàárọ̀."

Mi ò ní búra pé lẹ́tà ló mú un wálé.
Wọ́n ní iṣẹ́ kùsà ti dẹnu kọlẹ̀ lọ́hùn-ún.
Àmọ́ ó dé kí iṣu tó ta,
ó ru ọ̀dùnkún òyìnbó àpò kan,
ó jókòó sórí àga náà, kò nù ún.

Lọ́dún tó kọjá, lẹ́yìn ìsìnkú Ọyáníran,
ọmọ rẹ̀ gbé àpótí páànù kan wá bá mi.
Mo mọ ìkọ̀wé ara mi. Ó ti ṣá, ó ti di àwọ̀ tíì.
Gbogbo ojú ìwé náà mọ́,
àfi ibi tí a kò kọ nǹkan kan sí:
àmì àtàǹpàkò lórí àmì àtàǹpàkò,
bí ẹnu ọ̀nà ilé tí wọ́n ń dì mú wọlé.

Ọmọ náà ní, "Bàbá, kí ló parẹ́ níbí?"
Mo ní kò sí ohun tó parẹ́.