Ìbọ̀wọ́ Oníka Mẹ́ta

Òjò ò dá ní Cwm Llechau láti ọjọ́ Ẹtì,
ó ń lu òrùlé bí ẹni tó wá sin gbèsè.
Tegid dé ẹnu ọ̀nà mi, ìwé ìdáná ìyàwó rẹ̀
wà nínú ọ̀rá, ó há a mọ́ abíyá bí ọmọ adìẹ.
"Eluned," ó ní, "búrẹ́dì mi tún ti di òkúta."
Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi la òkúta nínú òkè wa;
mo ní bóyá ọwọ́ rẹ̀ ni kò tíì gbọ́ pé ó ti fẹ̀yìn tì.

Èyí tó kọ́kọ́ ṣe, ajá Gwilym gbóòórùn rẹ̀, ó yà.
Èkejì ló fi há ilẹ̀kùn ilé àgùntàn,
ó wà níbẹ̀ di òní, ìjì ò rí i gbé.

A ṣí ìwé Meinir. Olóògbé kì í wọn nǹkan:
"Ìyẹ̀fun tó bá tó. Ṣúgà, má ṣahun.
Èso àjàrà gbígbẹ, jẹ́ kó sùn nínú tíì mọ́jú.
Ààrò tó gbóná bí..."
Bọ́tà ti jẹ ìyókù.
"Bí kí ni?" Tegid ń bi bébà léèrè.
Mo ní, "Na ọwọ́ sí ẹnu ààrò, kí o máa kà.
Bí o bá kà dé mẹ́wàá, iná ò tíì tó."
Ó na ọ̀tún. Ìka mẹ́ta.
Méjì yòókù wà nínú ihò karùn-ún
láti ọdún tí mo wọlé ọkọ,
kò sẹ́ni tó padà lọ wá wọn.

"Má bá a jà," ni mo wí nígbà tó ń pò ó.
"Kì í ṣe òkè. Tì í, fà á, jẹ́ kó mí."
Ìyẹ̀fun rọ̀. Èjìká ọkùnrin náà rọ̀ tẹ̀ lé e.
A da aṣọ bò ó, ó wú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ikùn ẹni tó ń sùn,
ìgbà tó yá, òórùn ṣúgà gba ilé,
ó gba àtẹ̀gùn, ó gba inú kóòtù tó tutù lẹ́yìn ilẹ̀kùn.
A gé búrẹ́dì alámì tótòtó náà ní gbígbóná,
ohun tí Meinir kì bá tí gbà fún wa láéláé.
Tegid jẹ mẹ́rin, kò sọ̀rọ̀.

Ó lọ tán, mo mú àkísà láti nu tábìlì.
Ibi tó fara tì láti wo inú ààrò,
ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀ nínú ìyẹ̀fun:
àtẹ́lẹwọ́ fífẹ̀ bí àwo, ìka mẹ́ta, àlàfo.
Àkísà dúró lọ́wọ́ mi.
Àwọn àgbà ní ìka ò dọ́gba;
wọn ò sọ ohun tí a ó rán fún èyí tí kò sí mọ́.
Mo mú pẹ́ńsùlù. Mo tọ etí rẹ̀ yí ká.

Alẹ́ mẹ́fà. Kóòtù mi àtijọ́ ni mo fi ṣe ẹ̀yìn,
aṣọ àwọ̀sùn Meinir ni mo fi ṣe inú,
èyí tí ọmọ rẹ̀ kó wá pé kí n máa fi nu fèrèsé.
Mi ò sọ fún un. N kò ní sọ.
Abẹ́rẹ́ ń lọ síwájú, ó ń padà lẹ́sẹ̀ kan,
ó gún mi lẹ́ẹ̀mejì, mo sì bú u lẹ́ẹ̀mẹta.

Ìbọ̀wọ́ ṣọ́ọ̀bù, ìka méjì rẹ̀ á máa mì lófìfo
bí etí àgùntàn, iná ti mú wọn rí.
Èyí wọlé. Ó di ọwọ́. Ó ṣí i.
"Ó ṣe wẹ́kú," ni Tegid wí, ó yíjú sí fèrèsé.
Nígbà tó pẹ́: "Ta ló wọ̀n mí?"
"Ìyẹ̀fun," ni mo dáhùn.

Láàárọ̀ Sátidé, nǹkan kan rọ̀ mọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn mi,
ó gbóná nínú aṣọ ìnuwọ́, òjò ṣì ń rọ̀.
Ẹ̀gbẹ́ kan ti jó díẹ̀.
Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀.