Wáyà Kẹta

Ìró rẹ̀ la kọ́kọ́ gbọ́ ní Òmù-Àrán, kó tó yọ ní kọ́nà.
Kì í ṣe ìró ọkọ̀ tó rẹ̀;
ìró ẹni tó ń ka owó tó sì ń fo ẹyọ kan ni:
gbà, gbà, gbà, ó dákẹ́, gbà.
"Píjó Tíṣà Fáníyì nìyẹn," ni ọ̀gá mi wí,
kò tilẹ̀ gbójú sókè níbi tó ti ń jẹ ẹ̀wà.

Láti Odò-Ọwá ló ti ń kó kajú bọ̀, àpò mẹ́tàdínlógún,
ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Òkè-Onígbìn ló ti ní òun ò lọ mọ́.
Tíṣà sọ̀ kalẹ̀, ó ń nu awò ojú,
ó ní, "Múftáù, epo ni. Omi ni wọ́n ń bù sí epo ayé ìsinsìnyí."
Ọ̀gá mi ní, "Ẹ jókòó, sà."
Nínú iṣẹ́ wa, ẹni tó bá kọ́kọ́ dárúkọ àrùn
ló máa ń sanwó ohun tí kò bà jẹ́.

Ó ní kí n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ooru gbá mi lójú.
Ó ní kí n máa yọ wáyà púlọ́ọ̀gì lọ́kọ̀ọ̀kan,
kí n fi àkísà gbígbẹ dì í mú, kí iná má baà gbé mi
bó ṣe gbé mi lọ́dún tó kọjá, tí mo fi ju sípánà sínú kòtò.
Mo yọ ti àkọ́kọ́: ẹ́ńjìnnì gbọ̀n bí ẹni ibà ń ṣe.
Mo dá a padà. Mo yọ èkejì: ó wárìrì, ó fẹ́ kú.
Mo yọ ẹ̀kẹta.
Kò sí nǹkan kan.
Ó ń ṣe bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀.

"Òun nìyẹn," lọ̀gá mi wí.
"Èyí tó jáde tí ilé ò mọ̀ pé ó jáde,
òun ni kò ṣiṣẹ́ látàárọ̀."

Mi ò dáhùn. Mo rántí ilé wa ní Àrán-Ọ̀rin,
oṣù kẹjọ rèé tí mo ti wà níhìn-ín,
tí ẹnikẹ́ni ò pè pé, báwo ni.
Mo dá wáyà náà padà sí ipò rẹ̀, jẹ́jẹ́.

Púlọ́ọ̀gì rẹ̀ tutù ju àwọn yòókù lọ, epo rin ín gbindin,
ẹnu rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò.
A fi tuntun sí i. Ó ṣì ń fo.
Ọ̀gá mi tú ìdérí dísítíríbútọ̀, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó dé e padà. Ó ṣì ń fo.
Tíṣà ní, "Ṣé mo wí fún yín? Epo ni."
Ọ̀gá mi nu ọwọ́. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká dúró de òkùnkùn."

Ó kírun Mọ̀ǹgáríbì. Tíṣà ra ẹ̀pà, ó bù fún mi.
Kò síná; fún ìgbà àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó ráhùn.
Ilẹ̀ ṣú. Mo sítáàtì ọkọ̀.
Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹrí ba lé ẹ́ńjìnnì bí ẹni ń wo ọmọ tuntun.

Ó sì wà níbẹ̀:
lára wáyà kẹta, níbi tí rọ́bà ti sán bí gìgísẹ̀ àgbẹ̀ nígbà ọyẹ́,
iná kékeré kan, àwọ̀ aró,
ó ń bẹ́ sára irin, ó ń ná ara rẹ̀ síta, kò délé.
Iṣẹ́ ló ń ṣe o. Látàárọ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́.
"Háà," ni Tíṣà wí. Kò dárúkọ epo mọ́.

Wáyà àlòkù kan wà lára Píjó tó ti di ilé adìyẹ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù.
Mo fi tọ́ọ̀ṣì yọ ọ́; adìyẹ kan sọ mí lọ́wọ́.
Gbà, gbà, gbà, gbà.

Ọ̀gá mi fún mi ní igba náírà. Mo fi ra káàdì.
"Ta nìyẹn?" ni ìyá mi wí. Mo dárúkọ ara mi.
Ó pariwo. Ó ní, "Nọ́ńbà wo lo wá fún wa nígbà tóo ń lọ?
Ọkùnrin kan ní Jẹ́bà ló máa ń gbé e.
A sì ti ń kí i látìgbà náà."