Iye Wa ní Ìdí-Pèrègún

Bí o bá sọ̀ lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Igbó, má wulẹ̀ wá pátákó.
Kò sí pátákó.
Wo igi òro tí àrá là sí méjì,
kí o yà sọ́wọ́ òsì, kí o máa bá ilẹ̀ pupa lọ
títí ẹsẹ̀ rẹ yóò fi dà bí ẹsẹ̀ ẹni tó rìn nínú epo.
Omi kan wà níwájú tí kò lórúkọ nínú ìwé.
Lẹ́ẹ̀kan là ń pè é,
torí lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ló ń kún,
ẹ̀ẹ̀kan náà sì ti tó o láti gbé afárá lọ.
Bí o bá ti rékọjá rẹ̀, tí o rí pèrègún,
o ti délé.

Pèrègún wọ̀nyẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ààlà ni.
Níwọ̀ oòrùn, ilẹ̀ àwọn Òṣìbógùn,
ilẹ̀ rírọ̀ tí ẹ̀gẹ́ fẹ́ràn.
Nílà oòrùn, òkè, òkúta wẹ́wẹ́ bí eyín ọmọdé;
obì nìkan ló gbà láti dúró níbẹ̀.
Ní gúúsù, àbàtà.
A kì í sọ̀rọ̀ àbàtà púpọ̀:
ó ti gbé kẹ̀kẹ́ Olórítún mì.

Lọ́dún tí wọ́n ń kànìyàn, ọ̀gbẹ́ni kan ti Òde wá,
ṣọ́ọ̀kì lápò, ìwé gbàǹgbà lábíyá,
bàtà rẹ̀ ṣì ń dán nígbà náà.
Èmi ni wọ́n ní kí n mú un káàkiri,
torí mo mọ̀wé, mo sì mọ ajá tó ń géni jẹ.

Ó ní, "Ilé mélòó?" Mo ní méjìdínlógún.
Òun kà á, ó bá mọ́kànlélógún.
Ó ti ka ẹbu gààrí mọ́ ọn,
àti ṣọ́ọ̀ṣì tí ewúrẹ́ ń sùn,
àti ilé Ṣówándé tí kò ní òrùlé mọ́,
tí ìbẹ́pẹ yọrí lójú fèrèsé.
Mo fi í sílẹ̀. Ìbẹ́pẹ náà kúkú ń so.

A dé ọ̀dọ̀ Ìyá Ẹfúnyẹmí, ó ń bẹ ẹ̀gẹ́.
"Màmá, ọmọ mélòó lẹ bí?"
Ọ̀bẹ dúró.
"A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ."
Ọ̀gbẹ́ni ṣàlàyé: iná mànàmáná, omi ẹ̀rọ,
ìjọba kò lè ṣe é fún iye tí kò mọ̀.
Màmá gbọ́ ọ tán.
Ó wá ń mú ẹ̀gẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tò ó sórí ewé,
kò sọ nǹkan kan, kò wo ojú ẹnikẹ́ni.
Ó to méje, ó dúró.
Ọ̀gbẹ́ni kọ méje.

Mo mọ̀ pé mẹ́ta nínú ẹ̀gẹ́ náà
wà lábẹ́ igi ọsàn ẹ̀yìnkùlé.
Mo mọ̀ pé méjì wà ní Ṣómólú,
ọ̀kan sì wà níbi tí lẹ́tà kì í ti í bọ̀.
N kò sọ. Ṣé èmi ni mo tò ó?

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó fàlà sábẹ́ ìwé:
ọgọ́fà ó lé mẹ́rin.
Iye ńlá! Olórítún rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.
Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, bí ilé bá gbiná,
arúgbó mẹ́sàn-án, ìkókó mẹ́rin
àti òbúkọ Òṣìbógùn ni ì bá jáde.
Àwọn yòókù ń bọ̀ nígbà ìsìnkú.

Mo sìn ín dé etí omi.
Ó bọ́ bàtà, ó fi í kọ́ èjìká,
ó wọ odò, ìwé lórí bí ẹni ru igbá.
Omi ti mù ún dé orúnkún
kí n tó rántí pé kò kà mí.
Mo pè é.
Mo pè é lẹ́ẹ̀kejì, ariwo omi pọ̀.
Ó yíjú padà, ó juwọ́ sí mi dáadáa,
ó rò pé mo ní ó dàbọ̀.