Bébà Ẹ̀yìn Ilẹ̀kùn

Ṣọ́ọ̀bù Bọ̀dá Wálíù ti ti.
Wọ́n ní ó lọ sí Ṣàgámù, ó di ọjọ́ Ajé.
Bébà dídán tí mo fẹ́ rà wà lẹ́yìn gíláàsì,
mo ń wò ó láti ìta bí ọmọ tó ń wo àkàrà nínú epo.
Ọ̀la ni Àǹtí Mutiátù yóò pé ọgọ́ta ọdún,
ẹ̀bùn sì wà lọ́wọ́ mi ní ìhòòhò.

Mo padà sílé ní Ẹ̀bùté Mẹ́tta,
ilé tó ń gbọ̀n díẹ̀ bí rélùwéè bá ń kọjá.
Mo ṣí àpótí, mo gbọn àpò ìrẹsì, mo yẹ abẹ́ ibùsùn wò.
Ọ̀rá dúdú pọ̀, ó kún inú ọ̀rá dúdú mìíràn,
ṣùgbọ́n ẹran là ń kó sínú ìyẹn.
Bébà sìmẹ́ǹtì wà, eruku rẹ̀ mú mi sín.
Ìwé ìròyìn wà, àwòrán òkú ló kún inú rẹ̀,
mi ò lè fi ìdágbére ẹlòmíràn kí ẹ̀gbọ́n mi kú ọjọ́ ìbí.

Ìgbà tí mo ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná ni mo rí i,
lórí ìṣó, lẹ́yìn ilẹ̀kùn:
kàlẹ́ńdà Ẹgbẹ́ Àsàlátù, ó ti pé ọdún mọ́kànlá,
àwọn ìyá ẹgbẹ́ nínú ìborùn funfun,
Màámi ni ẹni kẹta lápá òsì, kò rẹ́rìn-ín;
ó ní ayàwòrán náà ń pàṣẹ bíi ṣójà.
Bébà rẹ̀ nípọn. Ó ń dán bí a bá nù ún.
Mo já ojú ewé kan. Péńsùlù wà lẹ́yìn rẹ̀,
mo rò pé ìṣirò ọjà ni.

Kò sí gọ́ọ̀mù. Ẹ̀bà àná ṣẹ́kù nínú ìkòkò,
mo fi ìka tẹ̀ ẹ́, mo fi lẹ̀ ẹ́ bíi ti ayé ilé ìwé,
èèrà nìkan ni ọ̀tá irú gọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀.
Kò sí ríbọ́ọ̀nù. Mo ṣí agolo bisikíìtì
(ẹ mọ̀ ọ́n: bisikíìtì kò sí níbẹ̀ láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé,
òwú àti abẹ́rẹ́ ni),
mo rí etí gèlè kan, aláwọ̀ aró, mo fi so ó.
Ewé fúrúùtù pupa kan já bọ́ sójú fèrèsé.
Mo fi há a. Ó jọ ìyẹ́ àkùkọ.

Mo sọdá afárá, mo wọ Èkó, ó di Èpẹ̀tẹ̀dó.
Àǹtí gbà á, ó yí i lọ, ó yí i bọ̀:
"Àkànó, ta ló bá ọ di èyí? Ó dà bí mọ́ín-mọ́ín."
Ó tú gèlè, ó ká a, ó tì í bọ àyà.
Kò fa bébà ya. Ọmọ Màámi ni, kì í fa nǹkan ya.
Awò ojú bọ́ sórí tábìlì.
Kò tilẹ̀ wò ó.
Ẹ̀yìn bébà ló ń wò, ó nà án jìnnà,
ó fà á súnmọ́, ó tún nà án.
"Ọwọ́ Màámi nìyí. Kí ló kọ?"

Mo mú awò náà, mo fi kọ́ ọ létí.

Lẹ́tà gbàǹgbà gbàǹgbà, bíi ti ọmọ kíláàsì kejì,
nítorí ó ti lé ní àádọ́ta kí ó tó kọ́ ìwé lálẹ́:
Kẹrosíìnì, gálọ́ọ̀nù méjì.
Ìyá Gàníyátù dá owó padà, ó ku igba náírà.
Òjò láti àárọ̀.
Mùtí wá. Ó gbé ẹja wá. Kò jẹun. Ó rù.
Mi ò bi í.

Àǹtí ka ìlà ìkẹyìn lẹ́ẹ̀mẹta.
"Ó rí i," ó ní. "Mo rò pé kò rí i."
Ohun tó ṣe é lọ́dún náà, kò sọ fún mi,
èmi náà ò bi í.

Àlejò ń wọlé. Bébà wúrà ń ya fààfàà,
wọ́n ń fún un, wọ́n ń jù ú sí kọ̀rọ̀.
Ewé tó bá pẹ́ lára ọṣẹ,
ẹ bá mi parí ẹ̀.
Èmi jókòó, mò ń fi èékánná ha ẹ̀bà gbígbẹ
kúrò létí bébà,
Àǹtí ní kí n rọra.