Agbálẹ̀

Inú agolo bisikíìtì ni mo ti rí káàdì náà,
ó ti pọ́n, etí rẹ̀ ti ká.
Orúkọ: Sàlámọ̀tù Àwẹ̀ró. Iṣẹ́: Agbálẹ̀.
Ìtẹ̀ka kan wà nísàlẹ̀, dúdú, kò ní ìlà:
omi ọṣẹ ti jẹ ìka ìyá àgbà tán
kí wọ́n tó ní kó wá tẹ̀ ẹ́.

Wọn kì í pe ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀ mọ́.
Mútíátù ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tó ń nu gíláàsì ní Màrínà,
kílínà ni wọ́n kọ sí ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀.
Ó ní, “Àǹtí, ẹ má pè mí ní agbálẹ̀ o,
wèrè ọjà náà ń gbálẹ̀.”

Mi ò dá a lóhùn. Mo ń tú ọ̀rọ̀ náà:
a, gbá, ilẹ̀.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi gbá ilẹ̀ Èkó,
kò sí ibi tó fẹ̀ tó ẹní tó jẹ́ tirẹ̀ níbẹ̀,
títí wọ́n fi gbẹ́ ọ̀kan fún un ní Àbárí.

Láti Òkèpòpó, gàrawa lórí,
ajá nìkan ló ń kí i lọ́nà.
Báńkì alájà mẹ́fà,
àtẹ̀gùn ọgọ́fà ó lé mẹ́rin:
orúnkún ló fi kà á.

Nílé wa, èèwọ̀ ni. A kì í gbálẹ̀ lóru,
kí a má baà gbá ajé síta.
Ajé tó wà níbẹ̀, inú irin ló ń sùn,
ìgbálẹ̀ rẹ̀ ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.
Ẹ̀ẹ̀kan péré ló rí tọ́rọ́ lábẹ́ tábìlì,
ó nù ún, ó gbé e lé ìwé ọ̀gá.
Lọ́jọ́ kejì wọ́n ní, èyí tó kù ńkọ́?

Tí àwọn akọ̀wé bá wọlé, táì lọ́rùn,
tí bàtà wọn ń dún kò-kò-kò lórí dídán,
wọn á na ara, wọn á ní, “Ilẹ̀ mà ti mọ́.”
Wọ́n rò pé oòrùn ni.

Mo dá káàdì padà, mo pa agolo dé.
Ìpẹtà ìdérí rẹ̀ ti dà sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi.
Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti kọjá.
Mo wá ìgbálẹ̀.
Mo gbá a.