Oògùn Àbámọ̀

Alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, ẹ̀bà ò tíì kúrò lórí iná,
mo ti dá ilẹ̀ kan tí ẹsẹ̀ ẹnìkan ò tẹ̀ rí.
Mo gbé kọ̀ǹpútà kalẹ̀ nínú yàrá wa ní Ìtokò,
mo fi máòsì fa odò kan gbọọrọ,
mo fọ́n igbó sí ọwọ́ ọ̀tún bí ẹni ń fọ́n iyọ̀ sọ́bẹ̀,
mo tẹ bọ́tìnnì, òkúta hù.

Ó pọ̀. N ò mọ̀ pé ó ti ń pọ̀ jù.
Oríṣi àpáta méjìdínlógójì ni wọ́n kó sínú ètò ayàwòrán-ilẹ̀ yìí,
èyí tó ń yọ iná, èyí tí yìnyín bò,
ṣùgbọ́n gbogbo èyí tí ọwọ́ mi ń ṣà
ló jọ ti ẹ̀yìnkùlé wa
tí ìyá mi ń sá láfún lé.

Lọ́la ni wọ́n ń bọ̀ wá ṣeré:
Mọ́ńjọlá, olè kọ́kọ́rọ́;
Ṣówùnmí tó ń ta ṣájà ní Kútọ̀,
tó bá ti da dáìsì, ó di jagunjagun onídà kíkán;
Àbíọ́nà tí ohùn rẹ̀ kì í jáde níta,
àmọ́ tó ń bá ẹyẹ ṣẹjọ́ lórí tábìlì wa.

Bàbá mi dúró lẹ́yìn mi, ife tíì lọ́wọ́ rẹ̀.
Ọgbọ̀n ọdún ló fi ń wọn ilẹ̀ kiri,
ó ń fa ṣéènì irin la inú ẹ̀gún kọjá.
"Ta ló ni ilẹ̀ yìí?"
Mo ní, eré ni, Bàbá, kò sẹ́ni tó ni ín.
"Kò sí ilẹ̀ tí kò ní olóhun.
Odò rẹ sì ń gun òkè.
Ṣé o ti rí Ògùn kó gun Olúmọ rí?"

Ojú tì mí. Mo tẹ ibì kan, odò parẹ́.
Mo tẹ ibòmíràn, ó padà dé.
Bàbá gbé ife sílẹ̀.
"Kí lo ṣe yẹn?"
Mo ní, bí èèyàn bá ṣì í ṣe,
á tẹ ibí yìí, á dà bíi pé kò ṣẹlẹ̀.
"Ẹ̀ẹ̀mélòó?"
Ìgbà tó bá wù yín.

Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú pé,
wọn ò rí oògùn àbámọ̀ ṣe.
Ó wá wà níbí, lábẹ́ ìka ọwọ́ òsì mi.

Mo mọ ibi tí ọkàn rẹ̀ lọ.
Òpó ààlà kan wà lọ́nà Ọ̀ṣíẹ̀lẹ̀,
òun ló rì í lọ́dún tí wọ́n bí mi,
ó fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án ṣìnà.
Ẹsẹ̀ mẹ́sàn-án péré.
Ìdílé méjì tó ti ń bu òkèlè nínú àwo kan
lo ọdún mọ́kànlá ní kóòtù.
Àgbà kan kú kí ẹjọ́ tó parí.
Bàbá lọ síbi òkú náà, ó jókòó sẹ́yìn,
kò sẹ́ni tó fún un lómi.

"Tún un tẹ̀," ó ní.
Mo tẹ̀ ẹ́. Odò lọ.
"Dá a padà."
Odò dé.
Oorun kó mi lọ, mo fi òun àti iná kọ̀ǹpútà sílẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé, mo fi kùrukùru bo gbogbo ilẹ̀ náà,
ibi tí ẹsẹ̀ wọn bá dé nìkan ló ń là.
Bàbá fa àga, ó lóun kàn ń wòran ni.
Ṣówùnmí sọdá odò (ó ti ń ṣàn sísàlẹ̀ báyìí),
ó yí ìdí àpáta, kùrukùru ká,
òpó funfun kékeré kan yọ,
ó ní nọ́ńbà lára.

Èmi kọ́ ni mo fi síbẹ̀.

Mọ́ńjọlá ní, "Ẹ jẹ́ ká hú u, bóyá owó wà lábẹ́ rẹ̀."
Ó ti ń mi dáìsì lọ́wọ́.
"Ẹ má fọwọ́ kàn án," Bàbá mi wí, ojú rẹ̀ wà nínú ife.
"Ibi tó yẹ kó wà nìyẹn."